Erùpẹ̀ Dídùn ti Ìjọ Ẹ̀kúnwọ́

Ẹ̀rọ náà ti ki ahọ́n bọ inú òkìtì kí Àrìnpé tó ráyè sọ pé kí wọ́n sún un sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ rọra o," ló ń wí ṣáá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ibẹ̀ yẹn gan-an la ti ń kúnlẹ̀."

Ta ní ń dá a lóhùn? Ahọ́n irin náà kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó gùn ju ènìyàn lọ, ó sì ń wọlẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọ̀bẹ tó ń wọ ẹ̀kọ. Ìjọba fún ẹ̀rọ yìí ní orúkọ gbọọrọ kan tí kò sẹ́ni tó lè rántí. Aláhọ́n ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́ ilẹ̀ wò, kó sì ròyìn fún Àjọ Ìbolẹ̀. Bó bá ní ilẹ̀ kan mọ́, wọn a fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ ní ìhòòhò. Bó bá ní kò mọ́, kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà wọn a ti da rọ́bà gbígbóná bò ó, bí wọ́n ti bo gbogbo ilẹ̀ yòókù láti ọdún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn.

Ẹ̀rín pa Àrìnpé díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dénú. Òun náà, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ọdún méjìlélógún ló ti ń ṣe Atọ́lẹ̀wò fún Ìjọ Ẹ̀kúnwọ́. Kò sí ẹni tó wọ ìjọ yìí tí kì í mú ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan wá láti ibi tí wọ́n bí i sí, kò sì sí ẹ̀kúnwọ́ kan tí wọ́n dà sórí òkìtì tí Àrìnpé kò kọ́kọ́ fi ahọ́n kàn. Aláhọ́n méjì ló pàdé lórí òkè láàárọ̀ yìí, ọ̀kan jẹ́ irin, ọ̀kan jẹ́ ẹran. Èyí tí ìjọba yóò gbà gbọ́ nínú méjèèjì kò ṣòroó mọ̀.

Àwọn ọmọ ìjọ tó lé ní ẹgbàá ló yí òkìtì ká lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo wọn lẹ́sẹ̀ lásán. Bàtà wọn wà lára ọgbà níbi tí wọ́n so ó kọ́ sí, iná pupa kékeré ń ṣẹ́jú lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàtà alágádágodo ni. Òfin ló ní kí ọmọdé àtàgbà máa wọ̀ ọ́ níta, kì í sì í ṣí àfi nínú ilé ẹni tí rọ́bà bo ilẹ̀ rẹ̀, tàbí nínú ọgbà yìí, nítorí ìwé àṣẹ ẹ̀sìn tí ìjọ ní. Ẹlòmíràn á dé ibẹ̀ lẹ́ni ogójì ọdún, á gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, á wá máa fò sókè bíi pé iná ta á. Lẹ́yìn náà ni ẹkún máa ń dé.

Ọmọ́tádé, aṣàyẹ̀wò tí àjọ rán wá, dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó gbẹ̀kọ́ ilé dáadáa: nígbà tó dé, ó kúnlẹ̀ kí Àrìnpé bó ti yẹ, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ tẹ́ ẹní rọ́bà kékeré kan kó tó kúnlẹ̀.

"Ìka mẹ́rin sísàlẹ̀," ni Aláhọ́n wí. Ohùn obìnrin ni wọ́n fún un, ohùn ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. "Ilẹ̀ mọ́."

Àwọn èèyàn pariwo ayọ̀. Àrìnpé náà mí kanlẹ̀.

"Ìdajì ìgbọ̀nwọ́. Òjé wà. Ó fi ìlọ́po méje ju ìwọ̀n lọ."

Ahọ́n náà dúró. Iná pupa kan tàn lórí ẹ̀rọ, ariwo sì kú lẹ́nu àwọn èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kí ló pè é?" ni Àrìnpé béèrè.

"Òjé, Mà," ni Ọmọ́tádé dáhùn. Kò gbójú sókè. "Májèlé inú bátìrì àtijọ́ ni, ọpọlọ ló ń bà jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ jẹ́ ká lọ sí kọ̀rọ̀."

Wọ́n lọ sí ẹ̀yìn àgbá omi. Ọmọ́tádé ń wo ìwé onígíláàsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ìka ra á síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá ọ̀nà àbáyọ nínú rẹ̀.

"Ọkọ̀ rọ́bà ti gbéra, Mà. Bí ẹ̀rọ bá ti rí òjé, òun fúnra rẹ̀ ló ń pè é. Ọ̀sán gangan ló máa débí."

"Ọmọ mi, ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ló ní ẹ̀kúnwọ́ nínú òkìtì yẹn!"

"Mo mọ̀, Mà. Ọ̀nà kan ló wà nínú òfin. Ẹ̀rọ rí i pé erùpẹ̀ tí òjé yẹn bá wá, ibi kan ṣoṣo ló ti wá. Ó dárúkọ ibẹ̀: Abà Ẹlẹ́mu. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n dà á síbẹ̀. Bí ìjọ bá lè tẹ àtàǹpàkò pé àwọn ará Abà Ẹlẹ́mu ló gbé e wọlé, ìpele yẹn nìkan la ó gé dànù. Ìyókù á wà fún yín."

"Àwọn ará Abà Ẹlẹ́mu náà ńkọ́?"

"A ó yọ orúkọ wọn kúrò nínú ẹ̀sìn. A ó ti bàtà wọn pa."

"Títí di ìgbà wo?"

"Bàtà tí a bá tì pa kò lọ́jọ́ ìparí, Mà. Wákàtí kan lóòjọ́ ló máa ń ṣí, kí wọ́n lè fọ ẹsẹ̀."

Ọwọ́ ọ̀tún Àrìnpé bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọwọ́ náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, òun sì kà á sí ọjọ́ ogbó. Ó fi ọwọ́ òsì dì í mú.

Ó rántí ọjọ́ tí àwọn ará Abà Ẹlẹ́mu dé. Ìdílé mọ́kànlélógún, Láwuyì ló ṣíwájú wọn, ọkùnrin gíga kan tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ pọ̀ ju ẹran ara rẹ̀ lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di erùpẹ̀ mọ́ ìgbátí aṣọ kí àwọn ẹyẹ irin tí ìjọba fi ń ṣọ́ òfuurufú má bàa rí i. Àrìnpé fi ahọ́n kan èyí tó wà lọ́wọ́ Láwuyì, inú rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi pariwo: "Ó dùn! Ẹ wá gbọ́ o, ó dùn!" Ó dà bíi pé ṣúgà díẹ̀ fara kàn án. Ó tilẹ̀ ṣe é bíi pé òun ti tọ́ irú rẹ̀ wò rí níbì kan, ṣùgbọ́n kò rántí ibẹ̀. Ìrántí rẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ jí pépé mọ́ nígbà yẹn.

Nínú Ìjọ Ẹ̀kúnwọ́, erùpẹ̀ tó bá dùn lọ́lá ju gbogbo erùpẹ̀ lọ. Ìyá tó dá ìjọ sílẹ̀ ló kọ́ wọn pé ilẹ̀ tó bá fẹ́ràn ènìyàn ló máa ń dùn. Nítorí náà wọ́n kò da gbogbo ti Abà Ẹlẹ́mu sórí òkìtì. Wọ́n bu díẹ̀ sínú ìkòkò. Aboyún á wá, á fi ìka kàn án lá. Bí wọ́n bá sì ń sọmọ lórúkọ, bí wọ́n ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ìjọ, dípò oyin àti iyọ̀, Àrìnpé á fi erùpẹ̀ dídùn kan ahọ́n ọmọ tuntun, á ní, "Ilẹ̀ á gbà ọ́, ilẹ̀ á dùn mọ́ ọ." Ó ti ṣe é fún ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún. Ó ṣe é fún Mofẹ́wà, ọmọ ọmọ rẹ̀, tó pé ọdún mẹ́rin lóṣù tó kọjá tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan. Àwọn ará ilé máa ń fi ọmọ náà ṣẹ̀fẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ló ń kó jọ.

Ó lé èrò yẹn dànù. Ọ̀kan ni kéèyàn máa rò ní àkókò kan.

Inú ahéré tó wà lẹ́yìn òkìtì ni Ìyá Ìbídùn tó dá ìjọ sílẹ̀ jókòó sí. Ọdún kọkànlélọ́gọ́rin rẹ̀ rèé, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, etí rẹ̀ kan ló sì ń gbọ́. Láti ọjọ́ tí ìjọ ti gba ìwé àṣẹ kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yìí rí. Agolo mílíìkì kan wà lórí itan rẹ̀ bí ó ti máa ń wà.

Àrìnpé kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ sí etí tó dára: òjé, ọkọ̀ rọ́bà, àtàǹpàkò. Kò dárúkọ ìlú kankan, "àwọn kan láàárín wa" ló pè wọ́n.

"Má dárúkọ ẹnikẹ́ni," ni Ìyá Ìbídùn wí.

"Ìyá, bí mi ò bá dárúkọ, gbogbo rẹ̀ ló máa lọ."

"Mo gbọ́. Má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Jókòó, Àrìnpé. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tó ti pẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gun òkè yìí…"

Àrìnpé ti mọ ìtàn náà ju ìwọ́ ara rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni Ìbídùn nígbà tí Òfin Ìbolẹ̀ dé. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ fún ìyá ọmọ kankan ní ibi ọmọ, ìyẹn olóbi, gbé lọ sílé láti sin mọ́, nítorí kò sí ilẹ̀ tí wọ́n máa sin ín sí. Inú ọ̀rá pupa ni kó máa dì í sí fún ilé ìjóná. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi di ọ̀rá pupa. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó gun òkè yìí, ó rí ibi tí gbòǹgbò igi ti fa rọ́bà ya, ó fi ọ̀bẹ gé bàtà lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀, ó sì ṣí agolo mílíìkì tó ti gbé pamọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ bo ìlú rẹ̀. Erùpẹ̀ ibi tí wọ́n sin ibi tirẹ̀ sí ló wà nínú rẹ̀. Ó da ẹ̀kúnwọ́ kan sílẹ̀, ó dúró lé e, ó sunkún. Àrìnpé, tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan náà, ló da ẹ̀kúnwọ́ kejì. Wọ́n di méje. Wọ́n kó wọn lọ sí àtìmọ́lé lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì pọ̀ sí i nígbà tí wọ́n jáde. Agbẹjọ́rò kan láàárín wọn ló wá rí i pé òfin kò lè fọwọ́ kan ẹ̀sìn, àfi bí ilẹ̀ rẹ̀ kò bá mọ́. Wọ́n lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀sìn ni. Kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn fúnra wọn kò mọ̀ pé ẹ̀sìn ni àwọn ń ṣe.

Ìlú tí ẹ̀kúnwọ́ àkọ́kọ́ ti wá nìkan ni ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ìyá Ìbídùn kì í sọ ọ́. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, ìlú náà á di olórí ìlú, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa jókòó ṣáájú ọmọ ẹlòmíràn.

"Ìyá, mo ti gbọ́ ìtàn yẹn," ni Àrìnpé wí. Ojú ń kán an. Oòrùn ti ń gun òkè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ ìyókù fún mi nírọ̀lẹ́."

"Àrìnpé! Ìyókù yẹn ni mo fẹ́…"

Ṣùgbọ́n ó ti jáde.

Nígbà tó padà dé ìdí òkìtì, ọ̀rọ̀ ti ta sí gbogbo èèyàn létí, bí ọ̀rọ̀ ti máa ń ṣe. Àyè ti ṣí sílẹ̀ yí àwọn ará Abà Ẹlẹ́mu ká. Kò sẹ́ni tó tì wọ́n, kò sẹ́ni tó bú wọn. Àwọn èèyàn kàn ti sún kúrò díẹ̀díẹ̀ ni, títí tí àwọn mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún náà fi dá dúró bí ẹni tí omi yí ká. Láwuyì wà ní iwájú wọn. Ó ń wo Àrìnpé, kò bẹ̀bẹ̀.

Àrìnpé wo òkìtì. Ó wo ìgbà èwe rẹ̀ àti àgbà rẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé èèyàn mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún kò tó nǹkan nínú ọ̀kẹ́ méjì, bó sì ti ń sọ ọ́ ló mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Àjọ Ìbolẹ̀ ń sọ. Àwọn àgbà ní ẹni bá dalẹ̀, á bálẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ ohun tí èèyàn ó ṣe bó bá jẹ́ pé nítorí ilẹ̀ náà gan-an ló ṣe ń dalẹ̀.

"Ẹ mú ìwé yẹn wá," ló wí fún Ọmọ́tádé.

Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí gíláàsì kò gba àtàǹpàkò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ́tádé ló bá a di ọrùn ọwọ́ mú. Nígbà kẹta, ó gbà á.

Lára ọgbà, iná orí bàtà mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún dáwọ́ ṣíṣẹ́jú dúró, wọ́n pọ́n kanlẹ̀. Àwọn ará Abà Ẹlẹ́mu lọ mú tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ti ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ló ń dún: kẹ́ẹ̀, kẹ́ẹ̀, kẹ́ẹ̀. Láwuyì ló wọ tirẹ̀ kẹ́yìn. Ó wá dúró síwájú Àrìnpé.

"Ìyá Àrìnpé, ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ wò," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin lẹ ní ó dùn. Ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì ti wà lábà wa kí n tó máa rákò, ilẹ̀ wa ò hu ewéko, gbogbo ayé ló ń sá fún wa. Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó sọ pé ilẹ̀ wa dára. Ìyàwó mi sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Láwuyì yí padà, ó sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde ní ẹnubodè.

"A ó máa bá iṣẹ́ lọ, Mà," ni Ọmọ́tádé wí, "kí ẹ̀rọ lè sọ ibi tí a ó gé dé." Ó tẹ nǹkan kan. Ahọ́n irin tún bẹ̀rẹ̀ sí wọlẹ̀.

"Ìgbọ̀nwọ́ kan. Ilẹ̀ mọ́."

Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. "Ìgbọ̀nwọ́ méjì. Ilẹ̀ mọ́." Orin náà gbilẹ̀. "Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta. Ilẹ̀ mọ́." Wọ́n ti ń jó. Omijé bọ́ lójú Àrìnpé, ó sì ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ó tọ́, bó ti burú tó, ó tọ́.

"Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin."

Iná pupa tún tàn lórí ẹ̀rọ.

"Òjé wà. Ó fi ìlọ́po ogójì ju ìwọ̀n lọ. Abà Ẹlẹ́mu."

"Irọ́ ni," ni Àrìnpé wí. "Ìdí òkìtì nìyẹn. Ọdún méjìlélógún sẹ́yìn ni! Kò sí ará Abà Ẹlẹ́mu kankan níbí nígbà yẹn. Àwa méjì péré la wà níbí. Èmi àti…"

Ó yíjú sẹ́yìn. Ìyá Ìbídùn ti jáde láti inú ahéré, ó ń fi ọwọ́ táràrà wá ọ̀nà, agolo mílíìkì wà ní abíyá rẹ̀. Orúkọ tí ẹ̀rọ pè ti dé etí rẹ̀ tó dára.

"Abà Ẹlẹ́mu ni wọ́n bí mi sí," ló wí. "Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ nìyẹn."

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Nígbà yẹn ni Àrìnpé rántí ibi tó ti tọ́ adùn náà wò. Agolo yẹn ni. Ọjọ́ kejì tí ìjọ dáyé, Ìbídùn fi ìka kan án láhọ́n, ó bi í pé báwo ló ṣe rí, òun sì dáhùn pé ó dùn. Láti orí ìdáhùn yẹn ni ẹ̀kọ́ wọn gbogbo ti bẹ̀rẹ̀. Òjé ni adùn náà. Agolo yẹn ni wọ́n fi ń sọmọ lórúkọ kí ti Láwuyì tó dé, títí kan Mofẹ́wà. Ẹgbẹ̀rún ahọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Mofẹ́wà tí kò sọ̀rọ̀.

Ó di Ọmọ́tádé mú ní apá aṣọ. "Ẹ pa á rẹ́. Àtàǹpàkò mi, ẹ pa á rẹ́. Wọn ò ṣe nǹkan kan. Àwa la ṣe é. Àwa la kọ́kọ́ ṣe é!"

"Kò ṣeé pa rẹ́, Mà."

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́!"

"Mo mọ̀, Mà. Ó ti lọ." Omi lé ròrò sójú ọmọbìnrin náà. "Bó ṣe ní ìsàlẹ̀ ló wà yìí, kò sí nǹkan tí a lè gé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n máa wọ bàtà."

Ọ̀sán gangan ni ọkọ̀ rọ́bà dé, bí wọ́n ti wí. Iṣẹ́ rẹ̀ kò pẹ́. Rọ́bà dúdú náà ń ṣàn, ó ń yọ èéfín, ó bo ojú ibi tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀, ó gun òkìtì, ó pàdé ara rẹ̀ lórí. Ẹgbàá èèyàn dúró sí ìta ọgbà nínú bàtà, wọ́n ń wò ó. Ẹlòmíràn ń ké. Ọ̀pọ̀ wọn kò ṣe nǹkan kan.

Wọ́n gbé àga Ìyá Ìbídùn sí ìdí ẹnubodè. Bàtà tuntun ni wọ́n wọ̀ fún un, nítorí tirẹ̀ ti wà nílẹ̀ ní gígé láti ọdún méjìlélógún. Ó ń fi bàtà náà gbá ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò dá a lójú pé ẹnikẹ́ni wà nílé.

"Ṣé wọ́n ti bò ó tán?"

"Wọ́n ti bò ó tán, Ìyá."

Arúgbó náà ṣí agolo. Ó fi ìka họ ìdí rẹ̀ títí tí erùpẹ̀ tó kù fi lẹ̀ mọ́ ọn, kò ju èyí tó lè bo èékánná lọ. Ó na ìka náà síta.

"Ahọ́n mi ti kú," ló wí. "N ò mọ adùn mọ́, n ò mọ ìkorò. Bá mi tọ́ ọ wò. Sọ òtítọ́ fún mi, Àrìnpé. Báwo ló ṣe rí?"

Àrìnpé wo ìka náà. Ó mọ ohun tó wà lórí rẹ̀ báyìí, ó mọ orúkọ tí ẹ̀rọ ń pè é. Nísàlẹ̀ òkè, ó rí àwọn ará Abà Ẹlẹ́mu tí wọ́n ń lọ lójú ọ̀nà ní ìlà kan, iná pupa lẹ́sẹ̀ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ahọ́n kan ìka náà.

"Ó dùn, Ìyá," ló wí, ó sì bú sẹ́kún, nítorí pé ó dùn.